Kí ẹ tó tẹ yìnyín orí òkè: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó fẹ́ ya

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kì í bẹ̀rù òkè. Àpáta ló yí ìlú ká, láti kékeré la ti ń gùn ún, a sì mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ ò bá ti yọ̀, òkè ò ní ṣe wá ní nǹkan kan. Ìgboyà yìí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí nítorí àwọn ọmọ wa tó ń wọ yunifásítì ní Grenoble, ní Chambéry àti ní Annecy, nílẹ̀ Faransé. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń dé ibẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kejìlá, ọ̀rẹ́ á ti pè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ jáde lọ sórí òkè Belledonne tàbí Chartreuse lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á yá rakẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má bàa rì, wọ́n á wọ ẹ̀wù òtútù, ó di ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé yìnyín tó bo òkè náà, èyí tí wọ́n fẹ́ lọ tẹ̀ yẹn, lè ya kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àwọn ni mo kọ èyí fún, tọmọ Kétu tọmọ Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin òbí tó ń pè lórí fóònù láti béèrè pé ṣé kò séwu. Ewu wà. Àmọ́ ó ní àmì, àmì náà sì ṣeé kọ́. Kì í ṣe inú ibùdó síkì, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín, ni mò ń wí o. Níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń yẹ ojú ọ̀nà wò láràárọ̀, wọ́n sì máa ń fi ohun abúgbàù já yìnyín tó bá fẹ́ ya kí èèyàn tó débẹ̀. Ibi tó kọjá okùn àti pátákó ìkìlọ̀, ibi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ohun tó ń ya gan-an

Nínú èèyàn 10 tí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ bá pa, nǹkan bí 9 ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ tiwọn, tàbí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n jọ jáde, ló dá a sílẹ̀. Òkè kọ́ ló ṣàdédé wó lù wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ ń gba ẹ̀mí là níbí: ohun tí ẹsẹ̀ wa lè dá sílẹ̀, ẹsẹ̀ wa lè yà fún un.

Yìnyín orí òkè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá bọ́ ló ń fi ìpele tuntun lé ti tẹ́lẹ̀: èyí rọ̀, èyí le, afẹ́fẹ́ ti tẹ èyí mọ́lẹ̀, oòrùn ti yọ́ ojú èyí kó tó tún dì. Ẹ wo ògiri amọ̀ tí wọ́n ń mọ ní ìpele ìpele. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ jù kí wọ́n tó gbé tuntun lé e, àwọn méjèèjì ò ní mú ara wọn. Ògiri náà á dúró, ojú rẹ̀ á dán, títí dọjọ́ tí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín ṣe ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé: pẹpẹ yìnyín tó ti dì mọ́ra lókè, ìpele ẹlẹgẹ́ kan lábẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́ tó. Tí èèyàn bá gun orí rẹ̀, ìpele ẹlẹgẹ́ yẹn á fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, fífọ́ náà á sì sáré gba abẹ́ pẹpẹ lọ jìnnà kó tó ṣẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan náà, lókè orí ẹni náà, kì í ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan.

Ẹni tí ò rí i rí máa ń rò pé yìnyín ò wúwo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pẹpẹ kan tó gùn tó mítà 50, tó fẹ̀ tó mítà 20, tó nípọn ní ìdajì mítà péré, kò tóbi rárá lójú àwọn olókè. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n kìlò 250 nínú mítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 125 nìyẹn. Ó lè sáré ju kìlómítà 100 lọ láàrin wákàtí kan. Nígbà tó bá dúró, ó máa ń le gbagidi lójú ẹsẹ̀, débi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò ní lè gbé ọwọ́.

Ìpele ẹlẹgẹ́ yẹn, ibo ló ti ń wá? Irú méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni ìrì dídì. Lóru tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ojú yìnyín máa ń tutù gan-an, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá dì sórí rẹ̀, á sì hù ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó ń dán yinrinyinrin. Ó rẹwà, kò sì ṣe nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tó bá wà lójú ìta. Ọjọ́ tí yìnyín tuntun bá bò ó ló di ìdẹkùn, ó sì lè wà lábẹ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Èkejì ń ti inú wá. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yìnyín kì í tutù ju nǹkan bí dígírì 0 lọ, nígbà tí ojú òkè lè wà ní dígírì 15 sísàlẹ̀ odo. Tí yìnyín bá pọ̀, ìyàtọ̀ yẹn á pín káàkiri inú rẹ̀. Tí kò bá pọ̀, tí ìyàtọ̀ wá tó dígírì 20 lórí mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin á máa gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á sì sọ yìnyín ìsàlẹ̀ di hóró ńláńlá tí kò lẹ̀ mọ́ra, bíi pé èèyàn da ṣúgà sílẹ̀. "Gobelets" ni àwọn Faransé ń pè é. Ìhà àríwá òkè, níbi tí oòrùn ò ti dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, ló ti pọ̀ jù. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé "yìnyín ò pọ̀ lọ́dún yìí, kò séwu," ẹ má gbà. Yìnyín díẹ̀ nínú òtútù líle ló ń bí ìpele tó burú jù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ilé ni ìpinnu ti ń wá, kì í ṣe orí òkè. Ní ìgbà òtútù, Météo-France, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Faransé, máa ń gbé ìwé ewu jáde ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ kejì, fún ẹ̀ka òkè kọ̀ọ̀kan ní Alpes, ní Pyrénées àti ní Corse. BERA ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí ò bá tíì kà á kò yẹ kó di ẹrù.

Ewu náà ní nọ́ńbà láti 1 dé 5, ọ̀kan náà sì ni káàkiri Yúróòpù láti 1993. Nọ́ńbà 5 ṣọ̀wọ́n. Ìgbà yẹn ni yìnyín ń dé inú abúlé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 1999, ó ya dé Montroc lẹ́bàá Chamonix, ó wó ilé, ó sì pa èèyàn 12. Àmọ́ kì í ṣe 5 ló ń pa àwọn tó ń jáde ṣeré jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń jáde lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà 3 ni. Ní Switzerland, nǹkan bí ìdajì ikú ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ 3. Èèyàn á wò ó pé 3 wà láàárín, ó á ní ewu ìwọ̀nba nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì, ewu kì í fi ìwọ̀n kan náà pọ̀ sí i, ńṣe ló ń di ìlọ́po. Ní 3, ẹnì kan ṣoṣo tó bá gba ibi tí kò yẹ lè já pẹpẹ sílẹ̀.

Ẹ má sì dúró sórí nọ́ńbà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹran wà. Ẹ wo àwòrán roboto tó ń fi ìhà òkè tó léwu hàn: ṣé àríwá ni, ṣé ìlà oòrùn ni? Láti mítà mélòó lọ sókè? Ẹ wá ka irú ìṣòro tí wọ́n kọ. Márùn-ún ni wọ́n ń dárúkọ: yìnyín tuntun, yìnyín tí afẹ́fẹ́ kó jọ, ìpele ẹlẹgẹ́ tó ti pẹ́, yìnyín tó ti mu omi, àti yìnyín tó ń yọ̀ látilẹ̀ lódindi.

Yìnyín tuntun kì í fara pamọ́, ẹ sì lè dúró de ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó fi fìdí múlẹ̀. Èyí tí afẹ́fẹ́ kó jọ ló wọ́pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ á gbé yìnyín láti ẹ̀gbẹ́ òkè kan, á kó o dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì tó wà lẹ́yìn afẹ́fẹ́, pẹpẹ á sì dì níbẹ̀ lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́, láìjẹ́ pé ìyẹ̀fun yìnyín kan bọ́ látòkè. Ìpele ẹlẹgẹ́ tó ti pẹ́ ni mo kórìíra jù nínú gbogbo wọn. Ó lè máà fi àmì kankan hàn. Ogún èèyàn lè ti kọjá kí ìkọkànlélógún tó tẹ ibi tí pẹpẹ ti fẹ́lẹ́. Ó tiẹ̀ ṣeé já láti ilẹ̀ títẹ́jú nísàlẹ̀ òkè, kí ó sì wá bá èèyàn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú BERA, ẹ má gbára lé ojú yín. Dígírì ìdàgẹ̀rẹ́ òkè nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́.

Dígírì 30

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú gbogbo èyí, òun nìyí. Pẹpẹ yìnyín kì í sábà ya lórí ẹ̀gbẹ́ òkè tí kò tó dígírì 30. Àárín 30 sí 45 ló ti ń ya, tó sì wọ́pọ̀ jù ní nǹkan bí 38. Werner Munter, ará Switzerland tó ń fi ọ̀nà orí òkè hàn àwọn èèyàn, ló sọ ọ́ di òfin tó rọrùn: lọ́jọ́ nọ́ńbà 2, ẹ má ṣe dé 40, lọ́jọ́ 3, ẹ má ṣe dé 35, lọ́jọ́ 4, ẹ má ṣe dé 30. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù lójú ọ̀nà ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ní àròpín. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Cotonou dé, èmi ò ní fi ìdúnàádúrà sí i: ìsàlẹ̀ 30 lójoojúmọ́ fún ọdún àkọ́kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ sí ibi tó ju 30 lọ lókè orí yín. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ọ̀nà lè tẹ́jú pẹrẹsẹ nínú àfonífojì, kí òkè tó wà lápá òsì yín sì jẹ́ 40.

Lórí àwòrán ilẹ̀ tí IGN, ilé iṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń ya àwòrán ilẹ̀, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè tan àwọ̀ ìdàgẹ̀rẹ́ sí i: yẹ́lò jẹ́ 30 sí 35, ọsàn jẹ́ 35 sí 40, pupa jẹ́ 40 sí 45, àlùkò ju 45 lọ. Ẹ fi ìka tọ ọ̀nà yín lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó sùn. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti kan àwọ̀ tàbí tó gba abẹ́ àwọ̀ kọjá, ẹ tún un yà.

Àwòrán ò tó, ojú gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n náà, a sì lè kọ́ ọ nílé níbí kí ẹ tó wọ bàálù. Àjàṣẹ́ ò ní òkè, àmọ́ kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ń kọ́lé. Ẹ lọ sídìí òkìtì iyanrìn gbígbẹ tí ọkọ̀ dà sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sí nǹkan bí dígírì 34, nítorí tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyanrìn gbígbẹ á máa yà bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ kan lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé fóònù tó ní ohun ìwọ̀n ìdàgẹ̀rẹ́ lé orí pákó náà, kí ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó títí tó fi máa mọ́ yín lójú. Ìdàgẹ̀rẹ́ tó ń pa èèyàn nìyẹn, kò sì dà bí ohun tó ga rárá.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ní àpáta, nítorí náà ẹ lè kọ́ ti ọ̀pá méjì, èyí tí kò nílò bátìrì. Ẹ wá ọ̀pá méjì tí gígùn wọn dọ́gba. Ẹ tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ní ọ̀nà tí omi òjò máa gbà ṣàn, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ kàn. Ẹ gbé ìdí yẹn sókè, àmọ́ orí rẹ̀ tó wà lápá òkè ò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹ so ọ̀pá kejì mọ́ ìdí tí ẹ gbé sókè, kó máa rọ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan, kí ẹ wá máa gbé e sókè sódò títí ẹsẹ̀ ọ̀pá kejì yìí á fi kan ilẹ̀. Tó bá kan àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn gẹ́lẹ́, dígírì 30 ni. Tó bá kan ilẹ̀ nísàlẹ̀ àmì, ó ju 30 lọ. Pẹ̀lú ọ̀pá ìrìn tó wọ́pọ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí dígírì 3. Tó bá kan ilẹ̀ lókè àmì, kò tó 30. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ fi ojú díwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sọ iye rẹ̀ jáde lẹ́nu. Ẹ máa ṣe é lójú ibi púpọ̀ títí ẹnu àti ọ̀pá á fi máa bára wọn mu.

Àwọn tí ẹ jọ ń lọ

Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta lára: DVA, tó jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró ránṣẹ́ lórí 457 kHz tó sì ń wá ìró ẹlòmíì, sonde, ọ̀pá tó ń ká tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó gùn tó mítà 2.40 ó kéré tán. Àti ṣọ́bìrì onírin. Ọ̀kan láìsí àwọn tó kù kò wúlò. Ẹni tó ní DVA tí kò ní ṣọ́bìrì á mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà, kò sì ní lè gbẹ́ ẹ jáde. Ẹ so DVA mọ́ra lábẹ́ ẹ̀wù, kì í ṣe sínú báàgì, kí fóònù sì jìnnà sí i. Àwọn ibùdó kan ní pápá tí wọ́n ti bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fún ìdánrawò. ANENA, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Grenoble lọ́dún 1971, lẹ́yìn tí yìnyín pa èèyàn 39 ní ilé ìgbafẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Val d'Isère ní oṣù kejì 1970, máa ń kọ́ni. Ẹ lọ kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ ti àwa gan-an. Nílé wa, ọmọdé kì í já àgbà lóhùn, àlejò ò sì ń pariwo nílé onílé. Ọmọ tó ti Kétu lọ, tó jẹ́ òun nìkan ni kò tíì rí yìnyín rí láàrin èèyàn mẹ́fà, á rí i pé ilẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì dákẹ́ nítorí pé ẹni tó ń síwájú ti ju ọmọ 30 ọdún lọ, ó sì mọ òkè. Ẹ má dákẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀, ẹ bá gbogbo wọn fẹnu kò pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní kí ẹ padà, gbogbo yín á padà, láìsí pé a ń bi í ní ìdí. Tí wọn ò bá gbà, àwọn yẹn kọ́ ni ẹ máa bá lọ.

Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti aago tí ẹ máa padà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Grenoble níbẹ̀. Ẹ má fi í sọ́dọ̀ màmá yín ní Àjàṣẹ́ nìkan. Kò lè ti Benin tẹ 112 kó bá àwọn olùgbàlà Faransé sọ̀rọ̀, àníyàn nìkan lẹ máa fi sí i lọ́kàn.

Lójú ọ̀nà: ohun tí yìnyín ń sọ

Àmì mẹ́ta wà tí kò sí àríyànjiyàn nínú wọn. Bí ẹ bá rí ibi tí yìnyín ti ya lónìí tàbí lánàá lórí òkè tó kọjú sí ibi kan náà pẹ̀lú tiyín, ẹ padà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ tí ẹ sì gbọ́ "hùúmù" kan tó wúwo, tí ilẹ̀ sì rì díẹ̀ lábẹ́ yín, ìpele ẹlẹgẹ́ ló fọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ wà ni, ẹ ì bá ti máa bá a lọ sísàlẹ̀. Ẹ padà lórí ipa ẹsẹ̀ yín. Bí yìnyín bá là tí ìlà náà sì sáré jáde láti ibi tí ẹ tẹ̀, bákan náà.

Àwọn yòókù nílò ìrònú. Yìnyín tuntun mélòó ló bọ́? Tí afẹ́fẹ́ bá le, tí òtútù mú, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Tí gbogbo nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù, ó lè gba 30 sí 60. Afẹ́fẹ́ ń kọ́? Ẹ wo góńgó òkè: tí ìyẹ̀fun yìnyín bá ń fò kúrò lórí rẹ̀, pẹpẹ tuntun ń dì lẹ́yìn ibẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìbòrí yìnyín tó yọ sóde lórí góńgó máa ń nà sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń kó yìnyín lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ni kí ẹ yà fún. Ẹ máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Tó bá kọ́kọ́ le, tó wá ṣàdédé rọ̀ wọlé, ẹ ti rí ìpele kan tó yẹ ká wò. Bí òtútù bá sì ṣàdédé di ooru láàrin wákàtí díẹ̀, ẹ kà á sí ìkìlọ̀.

Gbígbẹ́ ihò

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni mo máa ń gba ẹni tuntun níyànjú láti gbẹ́ ihò, àmọ́ ó ń kọ́ ojú bí inú yìnyín ṣe rí ju ìwé kankan lọ. Ẹ yan ibi tí kò léwu, tó kọjú sí ìhà kan náà, tó sì ga bí ibi tí ẹ fẹ́ gbà, níbi tí ẹsẹ̀ kankan ò tíì tẹ̀. Ẹ fi sonde wọn jíjìn rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ tó mítà kan sí mítà kan àbọ̀, kí ògiri apá òkè rẹ̀ dúró ṣánṣán kó sì dán.

Ẹ wá máa tì í díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, láìfi agbára ṣe é. Níbi tí ẹ̀ṣẹ́ bá ti wọlé, ó rọ̀ gan-an. Tí kò bá gba ẹ̀ṣẹ́, ẹ fi ìka mẹ́rin dán an wò, lẹ́yìn náà ìka kan, lẹ́yìn náà pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà ọ̀bẹ. Ohun tí ẹ ń wá ni ibi tí ìpele tó ń béèrè pẹ́ńsù jókòó lé èyí tí ẹ̀ṣẹ́ ń wọ̀. Ẹ bu díẹ̀ nínú èyí tó rọ̀ sórí ìbọ̀wọ́ dúdú. Hóró kéékèèké tó rí roboto tó sì lẹ̀ mọ́ra kò burú. Hóró tó ní igun, tó ń dán, tó ń ṣàn kúrò lórí ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ti yí ọwọ́ díẹ̀, òun ni ọ̀tá.

Fún ìdánwò, ẹ gé òpó kan sọ́tọ̀ lára ògiri náà: sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú, 30 ní wíwọlé sẹ́yìn, kó jìn tó láti kọjá ìpele tí ẹ fura sí. Okùn tó ní kókó tàbí ayùn ni wọ́n fi ń gé ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ojú ṣọ́bìrì lé igun kan lórí rẹ̀. Ẹ gbá a ní ìgbà 10 láti ọrùn ọwọ́, 10 láti ìgbọ̀nwọ́, 10 láti èjìká. Tí ìlà bá là, tó sì sáré láti igun yẹn dé igun kejì nígbà kan náà tàbí pẹ̀lú ìgbá tó tẹ̀ lé e, pẹpẹ yẹn lè ya, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa gun irú ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí kò bá là dé òpin, kì í ṣe ìwé àṣẹ o. Yìnyín ń yàtọ̀ láti ìṣísẹ̀ kan sí èkejì. Tí ìdánwò bá ní ẹ má lọ, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ padà sórí BERA àti dígírì. Mo ti rí àwọn tó mọ ìdánwò yìí ṣe dáadáa tí wọ́n wá ń lò ó láti fi wá àwáwí fún ibi tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti gùn. Ìyẹn ò bójú mu.

Bí ẹ ṣe máa kọjá

Ẹ gba orí góńgó tó tẹ́jú àti àárín igi tó pọ̀ dípò inú kòtò. Ẹ yà fún ibi tí òkè ti yọ ikùn jáde, nítorí ibẹ̀ ni pẹpẹ ti ń nà tó sì ń já. Kí ẹ tó gba ibì kan, ẹ bi ara yín pé: bí eléyìí bá gbé mi, ibo ló máa gbé mi dà sí? Yìnyín kékeré tó bá tini sínú ipa odò tàbí sórí bèbè àpáta ti tó láti pani. Níbi tó bá mú ìfura dání, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó máa kọjá, kí àwọn tó kù dúró síbi tí kò léwu kí wọ́n máa wò ó, kí okùn ọ̀pá ìrìn má sì wà lọ́rùn ọwọ́.

Láti oṣù kẹta lọ, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Oòrùn ló wá di olórí ewu. Òru tí ojú ọ̀run mọ́ á jẹ́ kí yìnyín dì, á sì le títí di àárọ̀. Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì ti padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀, tàbí tí bọ́ọ̀lù yìnyín ń yí bọ̀ láti ìdí àpáta, ẹ ti pẹ́ jù.

Tó bá ya

Ẹni tó bá bá: ẹ pariwo, ẹ ju ọ̀pá nù, ẹ gbìyànjú láti sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Tó bá gbé yín, ẹ jà kí ẹ lè wà lókè rẹ̀. Kó tó dúró, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo iwájú imú àti ẹnu kí ààyè mímí wà.

Ẹ̀yin tó wà lóde, ẹ̀yin ni olùgbàlà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá yọ láàrin ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ sábà máa ń yè. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, díẹ̀ ló ń yè, hẹlikọ́pítà kì í sì í sábà dé ṣáájú ìyẹn. Ẹ má ṣe mú ojú kúrò níbi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ẹ wò ó bóyá òmíràn fẹ́ ya lókè. Gbogbo yín, ẹ yí DVA sí wíwá. Ẹ̀rọ kan tó bá ṣì ń fi ìró ránṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á dàrú ọ̀nà. Ẹ máa sáré bí ìró bá ṣì jìnnà. Tó bá ku mítà mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ojú yìnyín, kí ẹ máa wọ́ ọ jẹ́jẹ́ síwájú sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà tó kéré jù. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa fi sonde gún un yípo. Bó bá kan ara, ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bí àmì, kí ẹ wá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ òkè, kí ẹ gbẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè sọ̀kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹnì kan á máa gbẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa kó o dànù, ẹ ó sì máa pààrọ̀ ara yín.

Orí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ nu yìnyín kúrò lẹ́nu àti nímú rẹ̀. Tí kò bá mí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu kí ẹ tó yọ ara tó kù. Ẹ rọra gbé e, ẹ bò ó, ẹ gbé e kúrò lórí yìnyín sórí báàgì. Tí ẹ bá pọ̀, kí ẹnì kan ti pe 112 látìgbà tí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í wá a: ibi tí ẹ wà, iye èèyàn tó wà lábẹ́, bóyá wọ́n ní DVA, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí. Kó má ṣe pa fóònù títí wọn ó fi ní kó pa á. Nígbà tí hẹlikọ́pítà bá yọ, kí ẹnì kan ṣoṣo dúró, kó na apá méjèèjì sókè ní ìlà Y, kí àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì di gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé mú.